Bí mo ṣe fi páálí àti ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ilẹ̀kùn potásíọ̀mù

Ajọ̀ gàrí ni mo kọ́kọ́ gbé wọ kíláàsì. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọmọ wo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń jọ̀ gàrí? Èyí tó kúnná á bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó tóbi á kù sókè. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni purotéènì inú awọ sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ ilẹ̀kùn potásíọ̀mù, ṣe ń ṣa áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná mànàmáná lára.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. “Sà, ẹ ní sódíọ̀mù kéré sí potásíọ̀mù. Kí ló wá dé tí ojú ajọ̀ tó gba potásíọ̀mù kò gba sódíọ̀mù?”

Òótọ́ ló sọ. Ajọ̀ kò lè dáhùn ìyẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ra ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti òwú lọ́jà Òkè-Ajé. Mo bu amọ̀, mo mọ ọ́n róbótó méjì: ti potásíọ̀mù fẹ̀ tó mílímítà 27, ti sódíọ̀mù 19, kí wọ́n lè bá bí wọ́n ṣe jura wọn lọ gan-an mu. Mo gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, mo nà wọ́n ró yíká bí òpó, torí ẹ̀ka mẹ́rin ló para pọ̀ di ilẹ̀kùn náà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ́síjìn ara purotéènì náà: mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló gba àkókò mi jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u, torí bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá yọ síwájú ju èkejì lọ, róbótó ò ní jókòó dáadáa.

Mo wá fi òwú wé amọ̀ méjèèjì; òwú ni omi tó máa ń rọ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Òfin kan ni mo fún àwọn ọmọ: ẹ má tú òwú àfi bí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá lè kan amọ̀ dípò rẹ̀.

Potásíọ̀mù dé ẹnu ọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ gbá a mú rẹ́gí, òwú bọ́, ó kọjá. Sódíọ̀mù dé, ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kò tó o. Kò rí ohun tí yóò fi rọ́pò omi ara rẹ̀, kò bọ́ aṣọ, aṣọ náà ò sì jẹ́ kó wọlé. Kékeré tó kéré gan-an ló dá a dúró! Bẹ́ẹ̀, potásíọ̀mù tó bíi mílíọ̀nù 100 lè gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo yìí kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Roderick MacKinnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi ìrísí ilẹ̀kùn yìí hàn lọ́dún 1998, lára bakitéríà inú ilẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2003. Ilẹ̀kùn nìyẹn o. Purotéènì mìíràn ló ń fi agbára ATP, èyí tó dà bí epo fún sẹ́ẹ̀lì, gbé potásíọ̀mù méjì wọlé, tó ń kó sódíọ̀mù mẹ́ta síta. Ìyẹn di sáà tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin ọjọ́sí mọ amọ̀ tirẹ̀, mílímítà 30, ó pè é ní rubidium, áyọ́ọ̀nù mìíràn tó fi díẹ̀ tóbi ju potásíọ̀mù lọ. Páálí yẹra díẹ̀, amọ̀ kọjá. Ó wò mí bíi pé ó ti ba nǹkan jẹ́. Mo ní rárá, rubidium ń gba ibẹ̀ kọjá lóòótọ́. Ó wà lára ohun tí MacKinnon fi rọ́pò potásíọ̀mù kó lè rí ibi tí áyọ́ọ̀nù ń dúró sí.