Ó Dọwọ́ Yín: Ọ̀sán Ọjọ́ Kan Nídìí Súṣì ní Tókyò

Ohun méjì ló ń já mi láyà kí n tó lọ: ẹja tí iná kò kàn, àti oúnjẹ tí n kò ní fẹnu ara mi yàn. Lọ́dọ̀ olóúnjẹ tiwa, wọ́n á bi ọ́ bóyá ẹran lo fẹ́ tàbí ẹja, wàá sì nawọ́ sí èyí tó wù ọ́ nínú ìkòkò. Nídìí omakase ní Jàpáànì, kò sí ìyẹn. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí èdè wa, "ó dọwọ́ yín" ni. Oníbàárà á jókòó. Ọ̀gá tó ń ṣe súṣì, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja lé lórí, ló mọ ohun tó rà lọ́jà, òun ló sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Òtẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ dé sí ló bá mi gba àyè nílé súṣì kan ní oṣù kan ṣáájú, nítorí àga mẹ́jọ péré ló wà nílé súṣì náà. Wọ́n béèrè oúnjẹ tí ara mi kọ̀. Wọ́n ní kí n má pẹ́, kí n má sì fín lọ́fínńdà, torí òórùn rẹ̀ á bo ti ẹja mọ́lẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó. Wọ́n gba nọ́ńbà káàdì mi pẹ̀lú: ẹni tó bá gba àyè tí kò yọjú, á san owó. Mo gbà pé ó tọ́. Ẹja ẹni mẹ́jọ lọ̀gá ti rà. Bí ẹnì kan ò bá wá, tirẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ọ̀sán ni mo mú, torí owó ọ̀sán sábà máa ń kéré sí ti alẹ́. 8,000 yẹ́ẹ̀nì ni mo san, wọn ò sì retí kí n fi nǹkan kan lé e.

Ilé kékeré kan ni, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Yotsuya. Mo gbé aṣọ tó bo ẹnu ọ̀nà sápá kan, "Irasshaimase!" ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Pákó hinoki kan ṣoṣo tó fẹ̀, tí wọn kò kùn ní nǹkan kan, ló wà láàárín àwa àti ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ ìnuwọ́ gbígbóná wá, ó sì bu tíì fún mi. Gbogbo oníbàárà ló ń pe ọkùnrin náà ní "taishō", ìyẹn ọ̀gá, èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ pọ̀, mo ní "itadakimasu", ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó jẹun, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kù.

Ẹyọ àkọ́kọ́, ẹja funfun kan, ni mo fi ṣàṣìṣe. Mo ti tọrọ ààyè láti ya fọ́tò, ni mo bá ya ọ̀kan, mo ya èkejì, mo tún ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ọ̀gá ò bínú. Ó kàn nawọ́ sí súṣì náà, ó rọra ní, "Dōzo," ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa jẹ. Nígbà tí mo mú ẹyọ súṣì kejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló tó yé mi. Ìrẹsì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ẹja orí rẹ̀ sì tutù díẹ̀. Bí èèyàn bá jẹ́ kó dúró, méjèèjì á di ọ̀kan. Mo ti fóònù bọ àpò, kò sì jáde mọ́.

Ọwọ́ ni mo fi jẹ ẹ́. Igi ìjẹun wà níwájú wa, àmọ́ súṣì kò kọ ọwọ́ rárá, inú mi sì dùn sí i gan-an. Láti ẹyọ kejì, mo rí i pé ọ̀gá ti yí bó ṣe ń gbé e kalẹ̀ padà, kó lè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi tààrà. Kò sọ̀rọ̀ kan. Wasabi tó ń ta imú ti wà láàárín ìrẹsì àti ẹja, ó sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi sóyà sí i lórí, n kò ní ohunkóhun láti fi kún un. Atalẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan ni mo ń jẹ láàárín, láti fọ ẹnu de èyí tó ń bọ̀.

Kohada ló wá dé. Ẹja kékeré ni, ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní. Ó kan díẹ̀, ó níyọ̀ díẹ̀, ó sì ní ọ̀rá tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Obìnrin àgbà tó jókòó tì mí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń bá wa túmọ̀. Mo ní, "Taishō, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ ti tó o?" Ó ní ẹja ńlá ń pẹ́ nínú iyọ̀ ju kékeré lọ, ọ̀rá rẹ̀ ńkọ́, ojú ọjọ́ ńkọ́, ojoojúmọ́ lòun ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí Tókyò ṣì ń jẹ́ Edo, kó tó di ọdún 1868, kò sí fìríìjì. Àwọn oníṣúṣì a fi iyọ̀ pa ẹja lára, wọ́n a rẹ òmíràn sínú ọtí kíkan tàbí omi sóyà, wọ́n a bọ òmíràn. Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń gbé ẹja sórí èéfín náà ni: kó má bàjẹ́ ni wọ́n ń wá, adùn wá bá a rìn. Mo ń pè é ní ẹja tí iná kò kàn, àmọ́ iṣẹ́ ti kàn án ju ọ̀pọ̀ ẹja tí mo ti dín lọ.

Tuna tẹ̀ lé e, láti ọjà Toyosu tí ọjà Tsukiji kó lọ lọ́dún 2018: pupa rẹ̀ tó ti mumi sóyà, lẹ́yìn náà apá ọlọ́ràá. Uni, ohun inú ẹ̀dá òkun ẹlẹ́gùn-ún kan, ò bá mi lẹ́nu mu. Ó rọ̀ jù, òkun ló ń run. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe anago, mo gbójú sókè. Orúkọ náà ò tan mọ́ Ànàgó tiwa, àmọ́ ó dùn létí mi níbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹja gígùn bí ejò ni. Wọ́n bọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀, wọ́n wá se omi tí wọ́n fi bọ̀ ọ́ títí ó fi ki, tí ó sì dùn, wọ́n fi pa á lára.

Ẹyin tí wọ́n dín nípọn bíi kéèkì ló kẹ́yìn. Ọ̀gá wá béèrè bóyá a fẹ́ tún ohunkóhun jẹ, lówó ọ̀tọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n yàn nìyẹn. Kohada ni mo pè, ẹja tí n kì bá tí nawọ́ sí láé ká ní èmi ni mo ń yàn látìbẹ̀rẹ̀.