Bí a ṣe ń yan ìwé òfin fún ogun kéékèèké ayé Napoleon lórí tábìlì

Nínú eré tí a ti ń fi sójà kéékèèké ja ogun àtijọ́ lórí tábìlì, ìwé òfin eré là ń yàn kí á tó ra sójà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo rí tó wọ inú eré ogun orí tábìlì yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra sójà oníke páálí méjì mẹ́ta, wọ́n á kun bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí ọ̀dà bá gbẹ tán ni wọ́n tó máa béèrè pé, "Òfin wo la fẹ́ fi ta á?" Ìgbà náà ló máa hàn pé sójà pọ̀ jù fún òfin kan, wọn ò sì tó fún èkejì, àti pé wọ́n ti lẹ̀ wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin mọ́ pátákó, nígbà tí òfin tí wọ́n fẹ́ràn ní kí kálukú dá dúró.

Ogun kékeré tí mo ń sọ níbí kì í ṣe Waterloo lódindi, ìyẹn ogun tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olú-ọba Faransé, ní Belgium; igun kan nínú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ogun náà, 18 June 1815, bàtálíọ̀nù kan wà nínú ọgbà oko La Haye Sainte, ọkùnrin inú rẹ̀ ń lọ bíi 400, ará Jámánì tó ń jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, Mejọ̀ Georg Baring sì ni ọ̀gá wọn. Ilé kan, ògiri kan, ọ̀nà kan tó gba ẹnu géètì kọjá: ogun tó tó tábìlì oúnjẹ nìyẹn. Ẹ fi ọgbà oko yìí sọ́kàn, òun la máa fi dán ìwé wò tó bá yá.

Ta ni yín lórí tábìlì?

Kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ mú bébà kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni mo jẹ́ nínú ogun yìí? Ṣé kápútéènì ni mí, àbí kọ́nẹ́ẹ̀lì, àbí ọ̀gágun pátápátá? Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, àwọn tó sì ti ń ta eré yìí tipẹ́ gan-an ló ń bà á jẹ́ jù, torí wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Kápútéènì mọ orúkọ sájẹ́ǹtì rẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni bóyá àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn gbọ́ àṣẹ òun, bóyá ẹ̀tù ṣì kù lápò wọn, bóyá èéfín máa jẹ́ kí òun rí ẹni tó ń bọ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò ráyè ro ti ẹ̀tù ẹnì kan. Tirẹ̀ ni bí bàtálíọ̀nù ṣe máa kúrò ní ọ̀wọ́ bọ́ sí ìlà kí ọ̀tá tó súnmọ́, tàbí bí wọ́n ṣe máa ká ara wọn jọ di igun mẹ́rin nígbà tí ẹlẹ́ṣin bá yọ. Ọ̀gágun ní tirẹ̀ á ránṣẹ́, á dúró, á sì máa gbàdúrà kí ìránṣẹ́ má ṣìnà. Ìwé tó dáa máa ń fi yín sípò ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá ní òun lè ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ dá a padà sórí igbá.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wò ó. Lẹ́yìn àtúntò ọdún 1808, bàtálíọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ Faransé jẹ́ kọ́ḿpìnnì 6, ìkọ̀ọ̀kan sì yẹ kó ní èèyàn 140. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 840. Lórí tábìlì kọ́nẹ́ẹ̀lì, sójà 24 lè dúró fún gbogbo wọn, ẹyọ kan fún èèyàn bíi 35. Lórí tábìlì kápútéènì, sójà kan èèyàn kan ni, 24 yẹn kan náà jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́fà kọ́ḿpìnnì kan ṣoṣo. Sójà ò yí padà, tábìlì ò yí padà, àmọ́ ogun ti di òmíràn.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú ìwé ogun ńlá tí wọ́n ti ní nílé, wọ́n á ní àwọn máa gé e kù. Ẹ má gé e! Ẹ wo Black Powder, ìwé tí Rick Priestley àti Jervis Johnson kọ ní 2009. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí tábìlì bá gùn, tí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá péjọ, tí kálukú sì ń darí bírígéèdì tirẹ̀, ìyẹn bàtálíọ̀nù mélòó kan lápapọ̀. Nínú rẹ̀, ọ̀gá máa ń pàṣẹ fún ẹgbẹ́, á ju dáìsì méjì. Bó bá bọ́ sí i, ẹgbẹ́ náà á rìn, nígbà míì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá bọ́ sí i, ọ̀gá náà ò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ẹlòmíràn mọ́ títí ipò yẹn, ìyẹn ìgbà tó kan apá rẹ̀ láti ṣeré, á fi kọjá. Nígbà tí ọ̀gá mẹ́rin bá wà lápá yín, ìyẹn dùn: bí ọwọ́ ọ̀tún bá yarọ, tòsì á ṣì máa jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e kù di ọ̀gá kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́ta, dáìsì àkọ́kọ́ tó bá ṣubú láburú ti pa gbogbo ogun yín mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra báyìí, ẹ ti ń wo aago nìyẹn. Ẹni tó gé e kù á wá máa bú ìwé, bẹ́ẹ̀ ìwé ò ṣe nǹkan kan fún un.

Àwọn mìíràn ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á mú òfin kápútéènì, wọ́n á kó sójà 200 lé e lórí, káàdì tí wọ́n ń fà láti mọ ọ̀gá tó kàn á pọ̀ bí ẹni ń ta wọ́ọ̀tì, ipò kan á gba wákàtí kan. Bí ẹ bá kọ "kápútéènì" sórí bébà, sójà 40 sí 60 lápá kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí ẹ bá kọ "kọ́nẹ́ẹ̀lì", ẹ wá òfin tó ń ka bàtálíọ̀nù 4 sí 8, kí ẹ má sì wo ẹ̀yìn mọ́. Bébà yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tí ọlọ́jà bá ń fi àwòrán ìwé tuntun hàn yín.

Bí ẹ ṣe máa yẹ ìwé wò

N kì í ka ìwé òfin láti ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ewé tó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ba sójà ni ẹ kọ́kọ́ ṣí. Láyé Napoleon, ó ṣọ̀wọ́n kí apá méjì fi béńẹ́ẹ̀tì, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, gún ara wọn ní gbangba oko. Ọ̀pọ̀ ìgbà, apá kan á ti yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n tó kanra. Òfin tó jẹ́ pé àfi kí ẹ pa sójà tán ní ẹyọ ẹyọ kí ẹgbẹ́ tó sá, kì í ṣe ogun ayé yẹn ló ń ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ wọn ń yìn, ẹnu ni wọ́n ń gbà rọ ẹ̀tù sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn á yìn ín bí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀tá bá sì ti ju 100 yáàdì lọ, orí ló kù tó ń ṣe é. Ìyìn àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n rọ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa ń burú jù. Ìwé gbọ́dọ̀ fún un ní àǹfààní tirẹ̀. Ìbọn Baker tí 95th, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, ń lò ń pẹ́ kí wọ́n tó rọ ọ́ tán, ó sì ń bá ohun tó jìnnà ju ṣakabùlà lọ. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ẹ̀wù nìkan ló ya 95th sọ́tọ̀ nínú ìwé yín, ẹ pa á dé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ìwọ̀n gidi" pa yín láyò o. Fún sójà tí gíga rẹ̀ jẹ́ 28 mm, 100 yáàdì gidi á ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ lórí tábìlì. Gbogbo ìwé ló ń sún ọ̀nà kì, ẹ sáà wo bóyá ó sún un dọ́gba fún ẹsẹ̀ àti fún ìbọn.

Ẹ tún wo bí ipò ṣe ń yí. Òfin "tèmi tán, ó kan ẹ́" rọrùn, ọmọdé pàápàá á mọ̀ ọ́n, àmọ́ fún ogun kápútéènì mo kà á sí ohun tí kò dùn. Sharp Practice, ìwé òfin tí ilé-iṣẹ́ TooFatLardies ṣe, ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbìyànjú. Sójà ìlà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ṣíwájú ìlà yìnbọn káàkiri sì jẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ ó máa fa orúkọ àwọn ọ̀gá jáde nínú àpò, ipò sì lè parí kí orúkọ ọ̀gá tí ẹ gbójú lé tó jáde. Ìbínú yẹn gan-an ni ogun. Ó tún wúlò fún ẹni tí kò ní ẹni tí wọ́n jọ máa ta á, torí àpò ò mọ apá tí ẹ wà. Ẹ má ra ohun fífà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀: ìdérí ìgò mínírà tí ẹ kọ orúkọ lé lórí, nínú ìbọ̀sẹ̀ kan, ó pé.

Ẹ fi páálí dán an wò

Kò sí sójà tí ẹ máa rà títí ẹ ó fi ta eré náà pẹ̀lú páálí. Ẹ gé páálí kọnfíléèkì sí ìwọ̀n tí ìwé bá ní kí ẹgbẹ́ gbà, kí ẹ kọ orúkọ sí i. Páálí bàtà ni ilé oko, bíríkì tí ọmọ fi ń ṣeré ni ògiri. Kí ẹ wá gbé La Haye Sainte kalẹ̀.

Ìdí tí mo fi yàn án ni pé gbogbo àbùkù ìwé ló máa ń yọ níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn sójà ti fi ilẹ̀kùn ńlá abà dáná, ẹnu abà wà ní ṣíṣí nígbà tí Faransé dé: kí ni ìwé wí nípa ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn? Iná ràn mọ́ abà, wọ́n fi ìkòkò ìdáná bu omi adágún pa á: ṣé ẹgbẹ́ lè ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ìjà nínú òfin yín? Baring ránṣẹ́ léraléra pé kí wọ́n fi ọta ṣọwọ́, kò rí gbà, nígbẹ̀yìn wọ́n fi ọgbà náà sílẹ̀. Ìwé kápútéènì tí kò sọ nǹkan kan nípa ọta tó tán ò lè ṣe ogun yìí.

Bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá tí ọgbà kò tíì bọ́, tí wọn kò sì tíì lé Faransé padà, ẹ fún ẹlòmíràn ní ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ má yí òfin rẹ̀ padà ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo mọ àwọn tó ń fi bírò pa òfin rẹ́ kí wọ́n tó kà á dé ìparí. Ohun tí wọ́n ń ta lẹ́yìn náà kò ní orúkọ. Ẹ ta á bó ṣe wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ná.

Lẹ́yìn èyí, sójà

Èyí rọrùn. Oníke 28 mm fún kápútéènì. Tówó bá há, oníke rírọ̀ 1/72 (ìwọ̀n èèyàn gidi tí a pín sí 72) ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ lẹ kálukú mọ́ ìdí tirẹ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dúró lé, kí ẹ má lẹ̀ wọ́n pọ̀ láé. Ẹ lè tò wọ́n sórí pátákó nígbà tí òfin bá fẹ́ ẹgbẹ́. Fún ìdí sójà yìí, owó ẹyọ 1p ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń lò fún ẹlẹ́sẹ̀, 2p fún ọ̀gá. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi irin ṣe inú wọn, nítorí náà òòfà ń gbé wọn, wọn kì í sì í dànù nínú àpótí lọ́nà ìrìn àjò. Ọ̀pá tí ẹ fi bírò sàmì íǹṣì sí sàn ju téèpù onírin lọ, torí téèpù a máa ká padà, a sì gbá ìlà yín ṣubú.

Ẹ ra apá méjèèjì fúnra yín. Ọ̀rẹ́ tó ṣèlérí pé òun á kó Faransé wá, kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé, ọkọ̀ òfurufú ìṣeré ló ti ń fi ọ̀dà kùn.