Bí mo ṣe fi ìtọ́jú eyín kún ìtọ́jú àtọ̀gbẹ Màámi

Ẹni tó bá ń lọ kíníìkì àtọ̀gbẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á gún ìka, wọ́n á wo àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀ tí aláìsàn ò mọ̀, wọ́n á ní kó lọ yẹ ojú wò. Látọjọ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé Màámi lọ, n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé, "Màmá, ẹ yanu." Bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀hún ń ṣẹ̀jẹ̀.

Pákò ló tú àṣírí. Orín ata ni Màámi ń rún láti kékeré, èyí tó máa ń ta lẹ́nu, tí ahọ́n á sì kú díẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi láàárọ̀, orí rẹ̀ á ti pọ́n. Wọ́n ní ooru inú ni. Ìyá eléwé ọmọ tó wà ní ìta wa ní kòkòrò eyín ni, ó sì ti fẹ́ bá wa di egbòogi. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ojú lásán lè rí. Inú ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń gbé. Tí ṣúgà bá sì pọ̀ lẹ́jẹ̀, ara kì í lè bá a jà dáadáa, ẹran ìdí eyín á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tó le sí ni pé ẹran tó wú yẹn náà kì í jẹ́ kí insulin, èròjà inú ara tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ lẹ́jẹ̀, ríṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ, ni ṣúgà á bá tún gòkè. Èkíní ń ti èkejì, èkejì ń ti èkíní.

Mo kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá kan, tòun ti páálí, mo fi ìwé àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn sí i. HbA1c wọn jẹ́ 8.6%. Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn. Tó bá ti tó 6.5, àtọ̀gbẹ ni. Dókítà Màámi sì fẹ́ kí tiwọn má kọjá 7. Mo pe ilé ìtọ́jú eyín kan nílùú Ìbàdàn níbí, mo sọ fún wọn pé alátọ̀gbẹ ni mò ń gbé bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí a wá láàárọ̀, kí Màámi jẹun kí wọ́n sì lo oògùn wọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ yìí ya Màámi lẹ́nu, torí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ ní tiwọn, bíi ti ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹni tó lo oògùn ṣúgà láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì lórí àga dókítà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n jẹ jáde.

Kí dókítà tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n wọn ìfúnpá, wọ́n gún ìka. Ká ní méjèèjì ga jù, ńṣe ni wọ́n á dá wa padà. Lẹ́yìn náà ló mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fa ìlà sí lára, ó ń tì í wọ àárín eyín àti ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́fà, márùn-ún. Mílímítà ni. Ẹni tí ìdí eyín rẹ̀ dá ṣáṣá, 1 sí 3 ni wọ́n á máa pè. Èyí tó bá jìn tó 6, pákò ò lè débẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò lè débẹ̀.

Ohun tó ń ba Màámi lẹ́rù ni èjí wọn. Èjí yẹn ni bàbá wa máa ń sọ pé òun rí kóun tó rí ojú. Wọ́n ti gbọ́ lọ́jà pé tí dókítà bá họ eyín, eyín á máa mì, gbogbo àárín rẹ̀ á sì ṣí. Dókítà náà, ọmọdébìnrin kan tó mọ̀ọ̀yàn án bá sọ̀rọ̀, gbé dígí fún wọn.

"Màmá, ẹ wo ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ yín. Ṣé ẹ rí nǹkan dúdú yẹn? Òun ló dí àárín rẹ̀. Tí mo bá yọ ọ́, ẹ máa rí àlàfo, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, ẹran ló ti sá wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èjí yín ò lọ ibì kankan."

Ó fi ẹ̀rọ tó ń fọn omi họ ọ́. Ọ̀kan já sórí òwú funfun, ó le bí òkúta, ó tó èkánná ìka kékeré. Màámi mú un, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹnu mi ni èyí ti jáde, Àkànní?" Wọ́n fi tíṣù wé e, wọ́n mú un lọ ilé. Mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ibi tó jìn, ọjọ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú. Ọ̀kan nínú àwọn eyín ẹ̀yìn kò ṣeé gbà là, wọ́n yọ ọ́. Omi tútù ń kan wọ́n léyín fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì lọ fúnra rẹ̀.

Ohun tí n ò retí wà nínú ọ̀rá oògùn. Dókítà yẹ páálí wò, ó dúró lórí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ń lò. Lára àwọn kan, oògùn yìí máa ń mú kí ẹran ìdí eyín hù jù, pàápàá níbi tí ìdọ̀tí bá wà. Kò ní kí Màámi jáwọ́ níbẹ̀ o. Lẹ́tà ló kọ sí dókítà wọn ti kíníìkì àtọ̀gbẹ, ìyẹn ló sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tí mo kọ yìí da oògùn ìfúnpá rẹ̀ nù, rọpárọsẹ̀ kì í ṣeré.

Nílé, ìjà wà. Dókítà ò lòdì sí pákò. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1987 níbi tó bá ti jẹ́ àṣà. Kí Màámi rún un kó rọ̀, kí wọ́n máa fà á láti ìdí eyín lọ sí orí rẹ̀, kí wọ́n sì dé ẹ̀yìn eyín, èyí tí ọ̀pọ̀ onípákò kì í dé. Ìyẹn rọrùn. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín oní-fluoride, èròjà tó ń mú kí eyín le, lálẹ́ ni kò rọrùn, torí dókítà ní kí wọ́n tu ìfófòó dànù, kí wọ́n má fi omi yọ ẹnu, kí fluoride lè pẹ́ lára eyín.

"Kí n fọ eyín kí n má yọnu? Ọ̀bùn ni dókítà yín yẹn."

Wọ́n ń ṣe é báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ráhùn. Igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń tayín, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó ń wọ àárín eyín rọ́pò rẹ̀.

Ti oúnjẹ, ilé kọ́ ni wàhálà wà. Ṣọ́ọ̀bù Màámi ní Gbági ni. Oníbàárà ra àǹkárá, wọ́n jọ mu miníràlì, ìgò kan lè wà lórí tábìlì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí wọ́n máa fẹnu kàn án díẹ̀díẹ̀. Ìfẹnukàn kọ̀ọ̀kan, kòkòrò inú ìdọ̀tí á sọ ṣúgà náà di ásíìdì tó máa jẹ eyín fún bí ààbọ̀ wákàtí. Mo ka ẹ̀yìn ìgò kan fún wọn: tí 100 ml bá ní 10 g ṣúgà, ìgò 50 cl ní 50 g. Gbogbo ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́ nìyẹn, kódà ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Súìtì tí wọ́n ń fi pa gbígbẹ ẹnu tún ńkọ́? Àtọ̀gbẹ ló gbẹ ẹnu, súìtì sì ń bọ́ àtọ̀gbẹ. Omi ló rọ́pò méjèèjì. Obì ṣì wà, èmi náà mọ ibi tí agbára mi mọ. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan máa ń rìn yí ọjà ká.

Lẹ́yìn oṣù 3, a tún HbA1c ṣe, torí àyẹ̀wò tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní sọ òótọ́ tán. Ó bọ́ sí 7.5. Eyín nìkan kọ́ ló ṣe é. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé ìtọ́jú ìdí eyín máa ń gé nǹkan bí 0.4 kúrò nínú HbA1c ní ìpíndọ́gba láàárín oṣù 3 sí 4. Miníràlì tó lọ, ìrìn, àti metformin, oògùn ṣúgà tí dókítà fi kún, ló ṣe ìyókù. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ju 0.4 nù. Orí pákò náà ti funfun.

Ẹni tó kàn ni ẹ̀gbọ́n Màámi, Bàbá Mọ́kọ́lá. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń mu sìgá, wọ́n wá ń fi àbúrò wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé eyín tiwọn ò ṣẹ̀jẹ̀ rí. Mo bi dókítà. Ó ní sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín pọ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, àìsàn á sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Mo ti gba ọjọ́ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò lọ, Màámi ní wọ́n máa lọ.