Bátìrì ló kú ni àbí nǹkan mìíràn? Bí a ṣe ń wádìí iná mọ́tò

Mọ́tò kọ̀, kò sítáàtì láàárọ̀, kíá ni wọ́n á ti dájọ́ pé bátìrì ti kú, kí ẹ sáré lọ ra òmíràn ní Àràròmí, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gate, n'Íbàdàn. Ẹ má tíì lọ. Bátìrì máa ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ń dún kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, iná kò tó: bátìrì ti gbẹ, tàbí orí rẹ̀, ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, kò dì. Bó bá dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tí iná iwájú ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ wo kick starter, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè sítáàtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò gbiná, ẹ fi bátìrì sílẹ̀ jàre. Epo tàbí plọ́ọ̀gì ni kí ẹ wá lọ.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ mi orí méjèèjì tí bátìrì ní. Èyí tó bá ń yẹ̀, ẹ fún un kó le dáadáa. Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù sí i lára, kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ pa mọ́tò, ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù kúrò ṣáájú pósítíìfù, ẹ fi omi gbígbóná, baking soda àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí ẹ bá ń dá a padà, pósítíìfù ló ń ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná.

Ó wá kan mítà (multimeter), èyí tí a fi ń wọn iná. Ẹ yí i sí DC 20, kí ẹ wọn bátìrì láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì. Volt 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2, ó ti dé ìdajì. Bí kò bá tó 12, ẹ gba iná sí i ná kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ṣe ń wo mítà. Bátìrì tó kún tó sì ń já wálẹ̀ kọjá 9.6 ti gbó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 13.7 sí 14.7. Bó bá dúró sí 12, alternator (ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì) tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni. Bó bá kọjá 15, alternator ń se bátìrì yín jinná nìyẹn.

Àwọn ríwáyà kan ṣì máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń fi dán alternator wò. Ẹ má gbà fún wọn, bó ti wù kí wọ́n dàgbà tó. Ìyẹn lè jó brain box, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, owó rẹ̀ sì ju ti bátìrì lọ fíìfíì. Ẹ kí bàbá, kí ẹ yọ mítà yín.

Bátìrì tó ní ìdérí tó ṣeé ṣí, omi distilled ni ẹ ó fi kún un, kì í ṣe ásíìdì. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í lọ. Ooru ló sì ń tètè pa bátìrì níbí, pàápàá fún ẹni tó ń wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road lójoojúmọ́.

Bó bá kún lálẹ́ tó sì gbẹ láàárọ̀, nǹkan kan ń jí iná. Ẹ yí mítà sí 10A, kí ẹ yọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù, kí mítà wà láàárín òun àti orí bátìrì. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò yẹ kó ju 0.05A lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa yọ fúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ nígbà tí ẹ yọ ọ́, ọ̀nà rẹ̀ ni olè wà. Rédíò tí wọ́n fi kún mọ́tò, tracker àti iná búùtù ni mo máa ń fura sí jù. Ẹ má sítáàtì mọ́tò bí mítà bá ṣì wà níbẹ̀ o, yóò jó.

Bó bá wá já sí pé bátìrì náà ló kú lóòótọ́, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sí Gate, wọ́n máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ti tuntun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi mítà sí tuntun náà lójú yín.