Àwọn àṣìṣe tí àwa tó ti fẹ̀yìn tì máa ń ṣe tí a bá fa ilé wa lọ kí ọ̀rẹ́ ní aṣálẹ̀ Arizona

Láti ìgbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti fẹ̀yìn tì ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ìpínlẹ̀ Arizona la máa ń fa tírélà wa lọ nígbà òtútù. A máa ń lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Tucson àti Mesa, lẹ́yìn náà a ó lọ jókòó díẹ̀ ní Quartzsite, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà bíi tiwa máa ń pa ilé onítáyà sí nínú aṣálẹ̀ lọ́dọọdún. Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Ilé kékeré ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fìríìjì àti ilé ìtọ̀, píkọ́ọ̀pù la sì fi ń fà á.

Mo fẹ́ràn ìrìn àjò yìí dọ́kàn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí mo bá rí tọkọtaya tó ta tírélà wọn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré nítorí ẹ̀rù, tàbí tí ìbẹ̀wò kan ba ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún jẹ́. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ló fà á. Lójú tèmi, ìkánjú ni, àti àìbéèrè.

Ọ̀nà I-10 kì í ṣe ọ̀nà à ń sáré

Houston sí Phoenix lójú I-10, títì márosẹ̀ tó so wọ́n pọ̀, lé ní 1,100 máìlì. Ẹni tó wa ọkọ̀ kékeré lè fi ọjọ́ méjì dé ibẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tí àwa náà rò nìyẹn. A jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, a ní El Paso la ó sùn. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Texas, òfin gbà kí èèyàn sá 80 máìlì ní wákàtí kan lójú ọ̀nà yìí. Àwọn ọkọ̀ ń fò kọjá lára wa, bàbá àwọn ọmọ mi náà bá tẹ̀ ẹ́. Ó ku díẹ̀ ká dé Fort Stockton la gbọ́ gbàù lẹ́yìn. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹ̀fọ́ tí a já. Rọ́bà tó ya náà ti na abẹ́ ilé wa títí ó fi lù ú, ihò rẹ̀ gba ìkúùkù mi, mo sì ń rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa láti ìsàlẹ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọ̀pọ̀ táyà tírélà, àwọn tí wọ́n kọ ST sí lára, 65 máìlì ní wákàtí kan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Eré tí òfin gbà lè má jẹ́ eré tí táyà gbà. Ìkejì ni ọjọ́ orí táyà. Táyà tírélà kì í sábà jẹ tán kó tó bà jẹ́. Níbi tó dúró sí nínú oòrùn ló ti ń gbẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Òwúrọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó yí rárá, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀.

Àwọn tó pẹ́ nídìí tírélà ní ìlànà kan tí mo gbà: má wà ju 300 máìlì lọ lójúmọ́, dé ibi tí o máa sùn kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí o sì sun oorun mẹ́ta níbẹ̀. A kì í lè sun oorun mẹ́ta níbi gbogbo, ṣùgbọ́n a ti pín ọ̀nà náà báyìí: San Antonio, Fort Stockton, Las Cruces, Willcox, ká tó wọ Tucson. Ọjọ́ márùn-ún ni. Ara wa sì máa ń dá ṣáṣá tí a bá dé.

Ẹ̀bùn tí a ń gbé lọ náà ní ewu tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í lọ kí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ òfìfo, àwọn tó sì wà ní Arizona mọ̀ pé ọjà wa pọ̀ ní Houston. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ wa ní Mesa, ní kí n bá òun ra iṣu, gàrí Ìjẹ̀bú, pọ̀nmọ́ àti epo pupa. Gbogbo rẹ̀ la tò sí ìdí tírélà lápá ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, píkọ́ọ̀pù sì ń tẹ̀ lé e. Ìwúwo tó yẹ kó tẹ irin tí píkọ́ọ̀pù fi gbá tírélà mú jẹ́ ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo tírélà náà. Tí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, ilé náà á fẹ́ máa darí yín. Ẹ kó iṣu sókè táyà tàbí síwájú. Ẹ má sì ti ilé pọn omi kún táńkì: gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo tó pọ́n-ùn mẹ́jọ ó lé díẹ̀, nítorí náà 40 gálọ́ọ̀nù ju 330 pọ́n-ùn lọ.

Eruku àti àgbàrá

Lẹ́yìn Lordsburg ní New Mexico, ọ̀nà náà gba orí adágún tó ti gbẹ kọjá. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ níbẹ̀, eruku lè dìde lójijì tí ẹ kò ní rí imú ọkọ̀ yín. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ náà nítòsí Picacho Peak, láàárín Tucson àti Phoenix. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tan iná tó ń ṣẹ́jú, wọ́n á sì máa rọra wọ́ lọ lójú títì. Ohun tó ń pa èèyàn nìyẹn, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé ojú ọ̀nà ni iná yín wà, á sì máa tẹ̀ lé e bọ̀. Ìjọba Arizona fúnra wọn ń kọ́ni pé kí ẹ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, kí ẹ jìnnà sí i bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ fi ọkọ̀ sí páàkì, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì kí iná ẹ̀yìn má baà tàn.

Ní ti àgbàrá, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní aṣálẹ̀, ẹ máa rí ibì kan tó tẹ́jú, tí iyanrìn rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí igi sì ṣíji bò ó. Ojú àgbàrá ni. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kí oòrùn máa ràn lórí yín, kí omi sì dé. Láti 15 Júnì sí 30 Sẹ́pítẹ́ńbà ni àkókò òjò ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà òtútù pàápàá, èmi kì í pa ilé sí irú ibẹ̀.

Tí ẹ bá dé ilé ọ̀rẹ́

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí táyà ṣeé rà, ọ̀rẹ́ kò ṣeé rà.

Tí ẹ bá pe ọ̀rẹ́ yín pé, "À ń bọ̀ o, ṣé ààyè wà fún tírélà?" ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ ṣáà máa bọ̀ jàre, ilé yín ni." Ọ̀wọ̀ ló fi dá yín lóhùn. Kò tíì wo òfin kankan. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Phoenix àti agbègbè rẹ̀ ló ní ẹgbẹ́ onílé tí kì í fẹ́ rí tírélà níwájú ilé mọ́jú. Orúkọ onílé ni ìwé owó ìtanràn máa bá dé, ẹ̀yin á sì ti padà sílé nígbà náà. Kò ní sọ fún yín láé. Àwọn ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti pé ọdún 55 sókè, irú bíi Sun City tí wọ́n ṣí ní 1960, tún ní òfin tiwọn lórí àlejò. Nítorí náà, ẹ yí ìbéèrè náà padà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò yín. Òru mélòó ni wọ́n gbà?" Ìyẹn ní ìdáhùn.

Iná wá ńkọ́? Ihò iná inú gáréèjì sábà máa ń jẹ́ 15 tàbí 20 amp, ìyẹn bí iná tó lè gbà kọjá ṣe pọ̀ tó, tírélà tó pọ̀ sì ń fẹ́ 30. Ní Mesa, a so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan mọ́ gáréèjì Bàbá Ìbejì, a tan ẹ̀rọ amúlétutù, a wọlé lọ jẹun. Láàárín oúnjẹ ni Ìyá Ìbejì gbé imú sókè: "Kí ló ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná yìí?" Nígbà tí a dé ibẹ̀, orí wáyà náà ti yọ́, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bàbá Ìbejì ní kò sí wàhálà. Àmọ́ mo rí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bátìrì àti fìríìjì nìkan la ń fi iná ọ̀rẹ́ ṣe, wáyà tó nípọn tí kò sì gùn la fi ń fà á. Ẹ má sì da omi ìwẹ̀ yín sí àgbàlá wọn, ì báà jẹ́ ìdí igi. Ibùdó tí wọ́n ṣe fún un wà.

Ẹ má sì pẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ yín ti dàgbà bíi tiyín. Ní ọjọ́ kẹrin tí a ti wà lọ́dọ̀ wọn, mo jí wọ ilé ìdáná ní ìdájí, mo bá Ìyá Ìbejì lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ kan ra orúnkún, ó ń fi ọwọ́ kejì ro ọbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ti ń jí ṣáájú wa. Ní báyìí, òru méjì la ń sùn níwájú ilé wọn, a ó wá kó lọ sí ibùdó àwọn onítírélà tó wà nítòsí, a ó sì pè wọ́n wá jẹun nínú tírélà tiwa. Inú rẹ̀ há, orúnkún wa ń kan ara wọn lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ó ń jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ohun kéékèèké tó ń di ńlá

Òru aṣálẹ̀ tutù. Ẹ má fi iná sítóòfù gáàsì yá inú tírélà tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa. Èéfín tí kò ní òórùn máa ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ máa ń ní ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọrọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń fò mọ́ ara bí èèyàn bá fara kàn án. Ẹ má fi ọwọ́ fà á, òòyà ni kí ẹ fi há a kúrò. Ẹni tó ní green card, kó mú un dání, nítorí àwọn agbófinró ibodè máa ń dá ọkọ̀ dúró ní Sierra Blanca tí ẹ bá ń padà bọ̀ sí Texas.

Mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera bó ti yẹ. Èbu kan ń gbé inú erùpẹ̀ Arizona, tí èèyàn bá fa eruku rẹ̀ símú, ó lè fa àrùn tí wọ́n ń pè ní Valley fever: ikọ́, ibà, àárẹ̀ tí kì í lọ. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ lè ti dé ilé. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń borí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà lára àwọn tó máa ń le mọ́ jù. Àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà kò ràn án.

Bàbá àwọn ọmọ mi wú ikọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a padà dé lọ́dún kan. Wọ́n fún un ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ náà kò lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ lé e lọ, mo sì sọ fún dókítà pé, "Arizona la ti ń bọ̀, a wà nínú eruku. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Valley fever." Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ni.