Bí A Ṣe Ń Lo "Get" Láì Ṣì Í Lò

Ẹ má wulẹ̀ há gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ "get" sórí. Wọ́n pọ̀ jù, wọn ò sì ní wá síni lọ́kàn nígbà tí ìdánwò bá dójú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ máa wò, òun ló ń sọ iṣẹ́ tí "get" ń ṣe.

Bí orúkọ nǹkan ló bá tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ gbà, rí tàbí rà: "I got your message", "I got some peppers at Ipata market". Bí ó bá jẹ́ ibìkan, ó ti di dé nìyẹn: "We got to Offa at two o'clock". Ẹ fi "to" sí i, àfi níwájú "home", "here" àti "there". "I got home late" ló tọ́, kì í ṣe "I got to home".

Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló bá tẹ̀ lé e, nǹkan ń yí padà nìyẹn. Ọbẹ̀ tó ti tutù tán, "The soup is cold". Èyí tó ṣì ń tutù lọ, "The soup is getting cold".

Ibi tí àwa Yorùbá ti ń ṣìnà jù nìyí. Iléyá ń bọ̀, èèyàn gbé aṣọ lọ fún télọ̀, ó ní, "Mo rán aṣọ." Kò sẹ́ni tó máa rò pé òun ló jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àmọ́ tó bá sọ pé "I sewed a dress", ohun tí olóyìnbó máa gbọ́ nìyẹn gan-an, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an. Kí ó sọ pé "I got a dress made". Ètò rẹ̀ rèé: "get" ṣáájú, nǹkan náà tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìṣe wá kẹ́yìn. Nínú "take, took, taken", "taken" ni irú èyí tí ẹ máa lò. "She got her hair plaited." "I want to get my phone repaired." Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ìṣe ṣáájú nǹkan náà, gbólóhùn náà bàjẹ́ nìyẹn.

Bí èèyàn lẹ bá rọ̀ títí tó fi gbà, "to" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: "I got my brother to fetch water". "Make" kì í gba "to" yẹn, ipá sì wà nínú rẹ̀: "I made him fetch water".

"I get two children" tá à ń gbọ́ nígboro, Píjìn ni. Nínú ìwé, ẹ kọ "I have" tàbí "I've got". Ní ti "gotten", àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò ó. "Got" ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tiwa dì mú, torí Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtìkó ni wọ́n ń kọ́ wa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Èyí tí èèyàn lè dìde rìn nínú rẹ̀, bíi bọ́ọ̀sì ńlá àti ọkọ̀ ojú irin, "get on" àti "get off" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí à ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀kadà tàbí ẹṣin. Takisí àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí à ń bẹ̀rẹ̀ wọ̀, "get into" àti "get out of" ni tiwọn. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ sọ̀ nínú takisí ní Post Office kò ní sọ pé "I want to drop". "I want to get out at Post Office" ni.