Mọ́tò yín ti ṣá? Bí ẹ ṣe lè mú dídán rẹ̀ padà nílé, láìbó ọ̀dà dànù

Mọ́tò tó bá ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ṣómólú tàbí Súrùlérè, oòrùn Èkó kò ní fojú àánú wò ó. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, torí àwọn ni oòrùn ń bà lé tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn á ṣì máa dán. Tó bá wá jẹ́ mọ́tò pupa, kíákíá ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àfi kí àwọn tún un kùn látòkè délẹ̀, owó ńlá sì nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ọ̀dà lókè nìkan ló ti kú, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ẹ kọ́kọ́ da omi sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jí nígbà tó tutù, tó tún wá ṣá nígbà tó gbẹ, iṣẹ́ yìí máa bọ́ sí i. Àmọ́ bí ẹ bá rí ibi tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, tí èékánná lè họ ọ́ kúrò, klíà ti ń bó nìyẹn. Klíà ni àwọn pẹ́ńtà ń pe ìpele tí kò ní àwọ̀, tó wà lórí ọ̀dà gan-an. Kò sí kọ̀ǹpáǹdì, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń ra ojú ọ̀dà kó lè dán, tó lè dá klíà tó ti bó padà; ẹ gbé mọ́tò lọ bá pẹ́ńtà.

Ohun tí ẹ máa rà kò pọ̀: rọ́bìn kọ̀ǹpáǹdì, pọ́líìṣì, wáàsì, amọ̀ clay, pépà tépù, àti táwẹ́lì microfibre bíi mẹ́fà. Ládípọ̀ ní Múṣin ni mo ti ń ra tèmi. Bí owó kò bá tó, síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó dáa fún kọ̀ǹpáǹdì. Ẹ ṣáà gé etí tí wọ́n rán kúrò lára rẹ̀, torí ibi rírán yẹn máa ń ha ọ̀dà. Táwẹ́lì tí ẹ máa fi nù ún kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ má ṣahun sí.

Fífọ̀ kò le, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, kí ẹ fi ìka ra ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọwọ́ lásán kò mọ̀, ọwọ́ inú ọ̀rá á mọ̀ ọ́n: á máa ṣe ṣàkìṣàkì bíi pé iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn. Amọ̀ tí wọ́n ń pè ní clay, pẹ̀lú omi ọṣẹ, ló ń kó ìyẹn kúrò. Kí ẹ wá lẹ pépà tépù mọ́ gbogbo rọ́bà àti pílásítíìkì dúdú, nítorí kọ̀ǹpáǹdì tó bá gbẹ síbẹ̀ á funfun, kì í sì í fẹ́ kúrò.

Ibi kọ̀ǹpáǹdì yìí gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Kọ̀ǹpáǹdì kì í fi nǹkan kún ọ̀dà o. Bí iyanrìn kíkúnná ló rí, ó ń gé ojú ọ̀dà kúrò ni, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan èyí tí oòrùn kò tíì bà jẹ́. Klíà ọ̀hún, lódindi rẹ̀, kò nípọn tó bébà kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ bá ti gé, ó ti lọ nìyẹn.

Aládùúgbò wa kan gbé sáńpépà nọ́ńbà 400 lé Corolla pupa rẹ̀, ó ní kọ̀ǹpáǹdì ń fi àkókò òun ṣòfò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá ha, ó so fóòmù mọ́ dírílì láti fi dán an. Mo dúró tì í. Níbi ìlà gígùn tó yọ sókè lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó fi ń nù ún kọ́kọ́ pọ́n bí ẹni fi nu epo pupa, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ eérú yọ, ó fẹ̀ tó ìka ọmọdé. Práímà nìyẹn, èyí tí wọ́n kùn sábẹ́ ọ̀dà. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Ó dùn mí, torí ọ̀dà yẹn kò burú tó bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fi ṣe é. Sáńpépà, ẹ má rà á rárá. Gbogbo etí, gbogbo ìlà tó bá yọ sókè, ẹ lẹ tépù mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti ń fẹ́lẹ́ jù. Ìdájí ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í kọjá aago mẹ́sàn-án. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó di ìrọ̀lẹ́, nítorí kọ̀ǹpáǹdì á gbẹ lójú ẹsẹ̀, á wá máa ha.

Ibi tó tó ojú ìwé ìròyìn kan ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpáǹdì tó tó ẹ̀wà mẹ́ta ti tó. Ẹ fi ra á lọ, ẹ fi ra á bọ̀, ní tààrà, kí ọwọ́ má wúwo. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó parí. Bó bá ku díẹ̀ tí kò dán, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ mú òmíràn. Ẹ sì máa wo aṣọ yín: mọ́tò àtijọ́ tí kò ní klíà, àwọ̀ á máa yọ sára aṣọ látìbẹ̀rẹ̀, kò séwu. Àmọ́ bí aṣọ bá ti ń mọ́ bọ̀, tí àwọ̀ wá ṣàdédé yọ, ẹ gbọ́wọ́ kúrò kíá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa fi pọ́líìṣì ra á, ó rọrùn ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáàsì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ nù ún. Ẹ má gbà kí ẹni tó ń fọ mọ́tò fi kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì pa á lára pé kó máa dán: dídán ọjọ́ kan ni, eruku ló máa kó jọ. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń fi wáàsì sí tèmi. Bí omi òjò bá ń ká jọ róbótó-róbótó tó ń yí lọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wáàsì ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tún un fi.